Asọ̀rọ̀ Inú Ojú Dúdú

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni ìyàwó ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ mi kò kàwé. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Láti ọdún méje sẹ́yìn ló ti ń ṣí omi, tó sì ń tì í, ní ilé omi ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é báyìí máa ń sọ ohun tó bá ṣe lójúmọ́ sínú fóònù. Ọkọ mi ní òun náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí òun ń sọ tòun sí, ṣùgbọ́n òun ò ní bá irin sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀, kí n má sì fi han ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá ti dákẹ́, mo fa ìlà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Mi ò jowú ẹnikẹ́ni. Kọ ìyẹn sókè pátápátá.

Akọ̀wé — àbúrò mi, ìyá kan náà ló bí wa — ti lo oṣù méjì ní ilé omi. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì, ó ní jíjókòó lásán ti sú òun. Alága ẹgbẹ́ ní kó máa wá ràn mí lọ́wọ́. Mo ní ṣé mo bẹ ẹnikẹ́ni ni? Alága rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa gbá mi léjìká.

Kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, kí ìwé yìí lè ní orí. Inú kọ̀ǹpútà ilé omi, fèrèsé dúdú kan wà. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn ń nawọ́ sí. Ọ̀rọ̀ lo máa kọ sí i, wàá tẹ bọ́tìnnì ńlá, ohun tí o kọ á ṣẹ. Kọ ọ́ pé kí omi lọ sí oko àgbàdo, omi á lọ. Ojú Dúdú ni mo sọ ọ́. Ìka mi mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ń kọ sí i. Mi ò lè kà wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ewé ni: èyí ṣe roboto, èyí ní ìrù, èyí tẹ̀ nídìí.

Ẹnjiníà, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú ńlá, ló so àfikún méjì mọ́ ọn fún mi. Àfikún ni nǹkan kéékèèké tí wọ́n máa ń so mọ́ Ojú Dúdú kó lè ní ọgbọ́n tí wọn ò dá mọ́ ọn. Mo pe ọ̀kan ní Aláwọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí mo kọ bá tọ̀nà, Aláwọ̀ á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Bí mo bá ṣì í, á pọ́n bí ata. Èkejì ni Arántí. Bí mo bá kọ lẹ́tà méjì péré, Arántí á gbé ìyókù jáde ní àwọ̀ eérú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kẹ́yìn. Mo kàn máa tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà ni, ó parí. Ọdún méje, mi ò fi ẹ̀kán omi ṣòfò.

Akọ̀wé dé, ó so mẹ́ta mọ́ ọn. Ọ̀kan ń gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú. Ọ̀kan ń tún lẹ́tà tí èèyàn bá ṣì tẹ̀ ṣe. Ìkẹta ni Asọ̀rọ̀. Bí o bá kọ̀wé tán, kó tó ṣẹ, Asọ̀rọ̀ á kà á sókè ketekete, pẹ̀lú ohùn obìnrin, bí ẹni ń ka ìròyìn.

Alága sọ lónìí pé lópin oṣù yìí, ẹgbẹ́ á yan ẹnì kan ṣoṣo sórí àga ilé omi. Ó ní ọwọ́ méjì lórí ẹ̀rọ kan máa dá wàhálà sílẹ̀.

Bàbá wa rán Akọ̀wé lọ síléèwé, ó ní oko ló yẹ èmi. Ohun gbogbo láyé yìí, Akọ̀wé ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bàtà. Aago ọwọ́. Ilé alájà. Àga ilé omi yìí nìkan ni mo ṣáájú rẹ̀ jókòó sí.

Mi ò jowú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ó ń wo ògiri, ó sì ń tẹ̀wé! Kò wo ọwọ́, kò wo Ojú Dúdú. Àwọn tó ń kọjá dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó. Mo wá nǹkan ṣe níta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ṣí Ojú Dúdú, mi ò ní ka ení tán tó ti máa yọjú. Lónìí mo kà á dé mọ́kànlá. Ẹrù ló pọ̀ lórí rẹ̀. Mo sọ ọ́ létí Akọ̀wé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mọ́kànlá yín yá jù ni.”

Ẹnjiníà pè. Fóònù ta ló pè? Ti Akọ̀wé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, àfikún báyìí, àfikún tọ̀hún, ẹ tún gbogbo wọn ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbó. Mo ń nu tábìlì tó ti mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó na fóònù sí mi pé Ẹnjiníà fẹ́ kí mi.

Ó béèrè orúnkún mi.

Orúnkún! Odindi ọdún kan ni èmi àti ọmọ yẹn fi jókòó níwájú Ojú Dúdú, tó ń di ìka mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ Ojú Dúdú ti di ti Akọ̀wé. Orúnkún ló kù fún èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ìyá Onírúgbìn — opó tó ń tọ́jú ọgbà irúgbìn ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń gba tòmátì àti ata tí a máa lọ́ sóko — wá gbọ́ Asọ̀rọ̀. Ó mú àga wá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ jẹ́ kó tún sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kọ̀wé, Asọ̀rọ̀ kà á. Ìyá Onírúgbìn pàtẹ́wọ́. Ó ní Akọ̀wé ti fún kọ̀ǹpútà ní ẹnu, ìyàwó ló kù kó fẹ́ fún un.

Ọdún méje ni mo fi bomi rin irúgbìn obìnrin yẹn. Kò gbé àga wá rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Akọ̀wé wá kí wa. Tíì ni wọ́n gbé fún un, ó ń sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kan tó máa ń fi irun orí tó kù fún un bo ibi tó pá, tí afẹ́fẹ́ fáànù ọ́fíìsì sì ń tú u síta. Ìyá Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìwọ tó ń kọ ọ́ ni mò ń wí. Má yọ ọ́. Ìgbà wo ni mo pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Ìwé ìpè ìpàdé dé. Akọ̀wé ní kí Ìyá Ẹnjiníà bá wa kà á. Akọ̀wé tó kàwé! Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìgbéraga. Ó fẹ́ máa jókòó kí wọ́n máa kàwé fún un bíi ọba.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń to gbogbo àfikún sísàlẹ̀ ara wọn lórí Ojú Dúdú, ọ̀kan lórí ìlà kan. Òmíràn wà tó ń lé èyí tí o bá dárúkọ jáde. Ẹnjiníà fi méjèèjì kọ́ mi lọ́dún tó kọjá, kò sí èyí tí mo gbàgbé. Akọ̀wé ti lọ jẹun ọ̀sán. Mo to wọ́n. Márùn-ún. Èmi mọ Aláwọ̀ mi, mo mọ Arántí mi, ojú wọn ò ṣàjèjì sí mi. Nínú mẹ́ta tó kù, Asọ̀rọ̀ ló gùn jù — mo ti rí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń so ó. Mo fi igi ìṣáná tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo wá irú rẹ̀ lórí bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà mẹ́rìnlá. Òógùn bò mí. Nígbà tí mo parí, Aláwọ̀ sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ó ní ó tọ̀nà.

Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá. Mo tún wọn tò. Mẹ́rin.

Mo wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan láti dán an wò. Asọ̀rọ̀ kà á sókè! Mo lé obìnrin yẹn jáde tán, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo tún tò wọ́n, mẹ́rin náà ni. Mo tún kọ̀wé, ó tún kà á. Orí mi wú. Akọ̀wé dé, ó jókòó, ó tẹ̀wé, Asọ̀rọ̀ dá a lóhùn bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Ó ti lágbára jù mí lọ. Mo jáwọ́.

Ìyá Ẹnjiníà gbé kálámù sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní kó gbé e. Ìwé mi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mi ò bìkítà mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mẹkáníìkì pọ́ǹpù ní wáyà kan ti jẹrà, ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. A pa gbogbo ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí mo ti lé Asọ̀rọ̀ jáde ni wọn ò ti pa Ojú Dúdú. A sábà máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sàn-án lóru.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ojú Dúdú yọjú kí n tó ka mẹ́rin. Akọ̀wé jókòó, ó wo ògiri, ó tẹ̀wé.

Kẹ́kẹ́ pa.

Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Kò sí ohùn. Ó fi ọwọ́ kan agogo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tí ohùn máa ń gbà jáde, ó fà á, ó tún un tẹ̀ bọ ibi tó wà. Kò sí ohùn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gé èékánná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ti dákẹ́.” Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Èmi náà ò sọ nǹkan mìíràn. Àárọ̀ ni tèmi, ọ̀sán ni tirẹ̀, ó sì jẹ́ àṣà wa pé ẹni tó ń lọ á sọ ohun tó ṣe fún ẹni tó ń bọ̀. Lónìí mo kàn gbé fìlà mi, mo lọ.

Mo jẹun dáadáa lálẹ́ yìí. Àwo méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò séni tó yọjú lójú fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹrẹ̀ ti dí ojú omi ọgbà irúgbìn. Ìyá Onírúgbìn fi pákó dí ẹnu gbogbo poro irúgbìn kí omi má bàa wọ ibẹ̀, mo sì ṣí omi sí i ní agbára kíkún kó lè gbá ẹrẹ̀ lọ. Ó mọ́ tónítóní. Mo ti omi. Akọ̀wé dé, a kí ara wa bí ẹni tó pàdé lójú títì. Mi ò sọ fún un. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyá Onírúgbìn ti yọ pákó rẹ̀ láàárọ̀. Lọ́sàn-án oòrùn mú, irúgbìn ń rọ, ó pe Akọ̀wé lórí fóònù pé kó tètè fún òun ní omi díẹ̀. Omi díẹ̀, bí a ti ń ṣe é: ìwọ̀n tó ń rìn bí èèrà. Akọ̀wé kọ lẹ́tà méjì. Arántí gbé ìyókù jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kẹ́yìn. Èmi ni mo kọ ọ́ kẹ́yìn. Agbára kíkún. Ó tẹ ọfà. Ó tẹ bọ́tìnnì ńlá.

Mo gbọ́ igbe láti ilé wa. Kí n tó débẹ̀, omi ti gbá ohun gbogbo lọ. Tòmátì, ata, ìgbá. Ilẹ̀ mọ́ bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ìyá Onírúgbìn dúró nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó mú irúgbìn kan ṣoṣo lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Gbogbo oko ló ń retí irúgbìn yẹn lóṣù tó ń bọ̀.

Alága bi Akọ̀wé pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Èmi ni. Mi ò farabalẹ̀.”

Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìyá Ẹnjiníà ní ọwọ́ ń dun òun, òun ò lè kọ̀wé. Irọ́ ni. Kọ ọ́ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Wọn ò dúró dé òpin oṣù. Wọ́n pe ìpàdé lónìí. Alága ní kò sí ohun tí a fẹ́ máa rò mọ́. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè fún mi. Ọwọ́ Akọ̀wé náà gòkè.

Èmi ni mo ni àga.

Mo jókòó sí i títí wọ́n fi ti ilé omi. Mo ti rò pé á yàtọ̀. Àga náà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹ wò ó o. Mo gba àga, kò sẹ́ni tó wá kí mi kú oríire. Ilé Akọ̀wé ni wọ́n ń wọ́ lọ. Mẹkáníìkì pọ́ǹpù lọ. Alága lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Onírúgbìn tí irúgbìn rẹ̀ ṣègbé, òun gan-an jókòó tì í láti ọ̀sán. Wọ́n ní ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ronú mọ́. Òun ló ń bẹ̀ ẹ́! Wọ́n ní èèyàn gidi ni Akọ̀wé, kò wá àwáwí, kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ilé omi sí ilé wa.

Ìyá Ẹnjiníà gbé oúnjẹ lọ fún un. Abọ́ ńlá ló fi gbé e, èyí tí a máa ń lò fún àlejò.

Ẹnjiníà ti wọkọ̀ láti ìlú ńlá. Ilé Akọ̀wé ló ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni bàbá rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹnjiníà wá bá mi ní ilé omi. Ó dúró, kò jókòó. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá Akọ̀wé ò ríran mọ́?”

Mo ní kí ló ń wí.

Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí báyìí, àti òjìji. Títẹ̀wé tó ń tẹ̀, ìka tó ti fi ogójì ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ló ń ṣe é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi òun, òun ló sì fi Asọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, kó lè máa gbọ́ ohun tó kọ kó tó ṣẹ. Ó ní Ìyá Onírúgbìn nìkan ni Akọ̀wé tún sọ òótọ́ ojú rẹ̀ fún lánàá, nítorí ó tọ́ kí obìnrin náà mọ ohun tó pa irúgbìn rẹ̀.

Ó wá jókòó síwájú Ojú Dúdú, ó to àwọn àfikún. Mẹ́rin. Mo bi í pé bí wọ́n bá lé àfikún jáde, ṣé ó lè ṣì máa sọ̀rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fèrèsé tó bá ti wà ní ṣíṣí ṣì máa lò ó. Ìgbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un ṣí ni kò ní bá a níbẹ̀ mọ́.

Ó wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ mi ni, ó mọ ẹni tí òun fi ọ̀rọ̀ ìlénijáde kọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Akọ̀wé. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ nínú oòrùn. Ó mọ ẹsẹ̀ mi kí n tó lanu.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Àga wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín.”

Mi ò jókòó. Mo ní èmi ni mo yọ Asọ̀rọ̀.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n, àwa méjì péré la wà nínú yàrá yẹn. Èmi ò yọ ọ́.”

Ó ní láti ọjọ́ Ajé yẹn lòun ti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lòun gbìyànjú láti so ó padà, Ojú Dúdú kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, òun ò sì lè rí i kà. Ẹnjiníà wà lẹ́nu ìrìn àjò, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Mo ní kí ló dé tí kò fi bi mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kóun bi èmi pé kí ni? Kóun ní kí n ka Ojú Dúdú fún òun?

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Mo ní kí ló dé tí kò wá sọ nípàdé. Ó ní tóun bá ní ẹ yọ ohùn, wọn á bi òun pé kí lòun ń fi ohùn ṣe. Ó sàn lójú òun kí wọ́n pe òun ní aláìfarabalẹ̀ ju kí wọ́n máa fa òun lọ́wọ́ rìn lójú títì.

Mo ní mo máa sọ fún ẹgbẹ́ pé èmi ni.

Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n kò bọ́ sójú mi gan-an, ó bọ́ sí èjìká. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti ní àga. Ẹ jẹ́ kí èmi ní ìyẹn.”

“Ìyẹn wo?”

“Pé mi ò fi yín hàn.”

Mo kúrò níbẹ̀ láìdágbére. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, kì í ṣe bàtà, kì í ṣe aago. Ohun búburú kan tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, lẹ́tà mẹ́rìnlá, òógùn bò mí — Akọ̀wé ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e wọ̀, ó bá a mu, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹnjiníà ní òun á so Asọ̀rọ̀ padà. Mo ní rárá, kó kọ lẹ́tà wọn sínú ìwé fún mi, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́, mo wá irú wọn lórí bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́. A pa fèrèsé, a tún un ṣí. Mo kọ ọ̀rọ̀ omi oko àgbàdo. Obìnrin náà kà á.

Ẹnjiníà lọ síta, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìwé yìí kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ìyá Ẹnjiníà á kà á níwájú ẹgbẹ́ lọ́la, láti orí dé ìdí, kò gbọdọ̀ fo ìlà kan, títí kan ibi tí mo ti bú òun gan-an.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, èmi ni mo lé Asọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú Ojú Dúdú. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mi ò ṣèèṣì. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, mo ṣí omi ọgbà irúgbìn ní agbára kíkún, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò sọ. Mo ń jowú rẹ̀. Ìyá Ẹnjiníà, padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, níbi tí mo ti ní mi ò jowú. Má pa á rẹ́. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ méjèèjì.

Omi tó gbé irúgbìn Ìyá Onírúgbìn lọ, ọwọ́ Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè é, èmi ni mo sì pa ẹnu tí ì bá kìlọ̀ fún un mọ́.

Àga ilé omi, ẹ gbé e fún ẹni tó bá wù yín. Bó bá jẹ́ Akọ̀wé, ohùn rẹ̀ ti padà síbẹ̀, èmi á sì máa sọ ohun tí mo bá rí fún un bí ó bá bi mí. Bí kò bá bi mí, mi ò ní sọ. Ọlọ́run ò dá mi ní èèyàn dídùn.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni tún máa kí Akọ̀wé, kí wọ́n máa gbóríyìn fún un pé ó gba ẹ̀bi. Kò ní ẹ̀bi kankan tó lè gbà. Láti kékeré ló ti ń gba tèmi, mo dákẹ́. Èyí, èmi nìkan ni mo ṣe é. Tèmi ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dá a padà fún mi.

Mo ti sọ tán.

*Àmì ẹni tó sọ̀rọ̀: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ní yíǹkì dúdú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti àkọ́kọ́ ò hàn tó.*

*Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Mẹkáníìkì pọ́ǹpù, tó pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ kẹrìnlá láìmọ ohun tó ń pa.*

*Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá Onírúgbìn. Ó ní kí n ka ibi irúgbìn náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ mi lójú, ó ní, “Tiyín ni,” ó sì fọwọ́ sí i.*